Téèpù Lọ́rùn: Bí Mo Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Yẹ Kí N Fi Lé Ọmọ Lọ́wọ́ Bó Ṣe Ń Dàgbà

Ó ti di ọdún 34 tí mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń súnmọ́, àwọn ìyá á tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi: ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́, èyí tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ á dúró lókèèrè bí ẹni tí kò bá wọn wá. Ibi tí mo bá ti ń wọ̀n wọ́n ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, ṣé tèmi ò kéré jù báyìí? Ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wà lójúlé kejì ti ga jù ú lọ, ó ti ń kàwé. Tèmi ò tíì lè de okùn bàtà."

Èsì tí mo máa ń fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́ lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ sì ti gbòmìnira lọ́wọ́ mi. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ mi nígbà tí mò ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo fi kún ohun tí téèpù kọ́ mi.

Téèpù kọ́ mi pé télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi ìwọ̀n ọmọ kan gé aṣọ ọmọ mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbejì. A ó wọn ọmọ náà fúnra rẹ̀ bó ṣe wà lónìí, a ó wá fi àlékún díẹ̀ sínú ìṣẹ́tí, kí aṣọ lè bá a dàgbà. Tí àlékún bá pọ̀ jù, ọmọ á máa tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ ṣubú. Tí kò bá sì sí rárá, aṣọ á fún un pa kí sáà kan tó parí. Bí mo ṣe ń gé aṣọ ni mo ṣe ń fún ọmọ ní iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀.

Orí ló kọ́kọ́ ń dàgbà

Ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé máa ń tó nǹkan bí 20 ínǹṣì láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan kó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn yẹn. Ti àgbàlagbà kò ju ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi máa ń rán bùbá kékeré tó rẹwà tí orí ọmọ kò ní gbà wọlé. Èmi á la èjìká rẹ̀, màá sì kan bọ́tìnnì méjì sí i.

Orí ńlá yẹn kò ṣàdédé tóbi. Iṣẹ́ ti ń lọ nínú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀lẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ọmọ bá lè fèsì kí ẹ tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ojú ìkókó kò ríran jìnnà. Ohun tó wà ní nǹkan bí 8 sí 12 ínǹṣì ló ń rí kedere, kò sì ju àlàfo tó wà láàárín ọmú àti ojú ìyá lọ. Ẹ gbé ojú yín síbẹ̀. Ẹ ki oríkì rẹ̀. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa dárúkọ ohun tí ọwọ́ yín bà: apá rèé, ẹsẹ̀ rèé, ikùn Àjọkẹ́ rèé. Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìdákẹ́ yìí, wọ́n ní ọmọ náà fẹ́ fèsì, a ni kì í jẹ́ kó ráyè. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, á rẹ́rìn-ín sí yín. Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ohùn á máa jáde, á máa dúró de tiyín.

Oúnjẹ kò ní gba àkókò wa púpọ̀: ọmú nìkan títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo. Lẹ́yìn náà ẹ̀kọ mímu tí a lọ edé, ẹja tàbí ẹ̀pà mọ́, ẹyin, ẹ̀wà tí a tẹ̀, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì. Àmọ́ ohun méjì wà tí mo bá nílé tí mo fi sílẹ̀. Èkíní ni rírọ ọmọ. Ọmọ tí a dí nímú tí ó ń sunkún lè fa ẹ̀kọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Èkejì ni oyin ìsọmọlórúkọ. Oyin lè ní kòkòrò àìfojúrí kan nínú, tó máa ń sọ iṣan ìkókó di aláìlágbára, kò sì yẹ kó kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Lọ́jọ́ tí a sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ, ètè mi ni ìyá ọkọ mi fi oyin náà kàn. Wọ́n wúre wọn parí, kò sí ẹni tó sọ pé nǹkan kan dín nínú rẹ̀.

Pínnì

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ á mọ bí a ti ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣa nǹkan. Mi ò lè gbàgbé ìgbà tí àkọ́bí mi mọ̀ ọ́n. Ó jókòó lórí ẹní lábẹ́ tábìlì, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó rọra mú pínnì kan tí ojú èmi gan-an kò rí, ó sì ń gbé e lọ sẹ́nu. Mo pariwo débi pé oníbàárà tó wà níwájú mi ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mo yọ òòfà inú spíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mo so okùn mọ́ ọn, alaalẹ́ ni mò ń wọ́ ọ kiri ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnnì kò ṣe é fi òòfà fà, nítorí náà ìgò onídèérí ló ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ wá páálí rọ́bọ́tọ́ tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má fún un.

Ṣùgbọ́n ìka tó ń wá nǹkan ṣa, ẹ má so ó mọ́lẹ̀. Mo kó kẹ̀kẹ́ òwú tó ti tán fún un, agolo mílíìkì tí etí rẹ̀ kò mú, àgékù áńkárá, dàmáàsìkì àti àdìrẹ. Ó ń kó wọn sínú agolo, ó ń dà wọ́n síta. Ó ń ṣe é láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn kan á ní eré lásán ni. Ọmọ tó ń kó nǹkan sínú agolo tó tún ń dà á síta ń kọ́ pé ohun tí òun kò rí mọ́ kò tíì parẹ́, pé èyí tóbi ju ìyẹn lọ, pé ọwọ́ òun lágbára lórí nǹkan. Fóònù kò lè fi gbogbo ìyẹn kọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní ọdún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò kó máa wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, láti ọdún méjì sí mẹ́rin kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Nígbà tí ọmọ bá fi pé ọdún kan, á ti ga tó nǹkan bí 30 ínǹṣì, ìwúwo rẹ̀ á ti tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ tí a bí i. Kò tún ní sáré dàgbà báyẹn mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í mọ èyí, tí ọmọ ọdún méjì kò bá jẹun tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n á fòyà. Ara ọmọ ti dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ ni.

Èkejì mi kò rìn títí ó fi wọ oṣù kẹrìndínlógún. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lóyún wọn ti ń sáré kiri. Mo fi ìyẹn wọn tèmi, mo sunkún, mo gbà kí wọ́n máa fà á lẹ́sẹ̀ níbi ìwẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà. Láti oṣù mẹ́sàn-án títí dé oṣù méjìdínlógún ni àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ó bá kọjá oṣù méjìdínlógún tí kò rìn tàbí tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, bí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò lè jókòó, bí ó bá pé ọdún kan tí kò wojú ẹni tó ń pè é tí kò sì na ìka sí nǹkan, bí ó bá pé ọdún méjì tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ọmọ ti máa ṣe nǹkan kan, kó tún wá pàdánù rẹ̀. Fún èyí, ẹ má dúró di ọ̀la.

Bí a ṣe ń fi àlékún sí ọ̀rọ̀

Bí ọmọ bá ní "bàtà," ẹ má kàn dá a lóhùn pé "ẹ̀n-ẹ́n." Ẹ ní: "Bàtà ni. Bàtà pupa. Bàtà bàbá ẹ rèé." Ínǹṣì kan péré lẹ fi kún un. Bó bá ní "bàtà bàbá," ẹ̀yin náà ẹ fi kún un: "Bàbá wọ bàtà lọ sọ́jà." Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn lẹ́nu ọmọ. Bó bá ṣì í pè, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kàn pè é bó ṣe yẹ nínú ìdáhùn yín.

Àbúrò mi tó ń gbé ní London bi mí bóyá Yorùbá kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun jẹ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mo wà ní ìkókó. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an pàápàá. Mo ní kí àbúrò mi máa sọ Yorùbá tó dá a lójú, kó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún olùkọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà.

Bọ́tìnnì, àlùmọ́gàjí àti ọwọ́ òsì

Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè tú bọ́tìnnì ńlá, kò tíì lè dè é. Ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún á dè é, bó tilẹ̀ lè fo ihò kan. Okùn bàtà di bí ọdún mẹ́fà. Nítorí náà, ìyá tó ní ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè de okùn bàtà, mo máa ń sọ fún un pé kó ra bàtà aláìlókùn, kó sinmi. Láàárọ̀, ẹ jí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń kánjú ló máa ń bá ọmọ ọdún mẹ́fà de bọ́tìnnì.

Ní ọdún mẹ́ta mo máa ń fún wọn ní àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ kú, kí wọ́n máa gé etí bébà. Ní ọdún márùn-ún mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà fún wọn lórí àgékù, kí wọ́n gé e tẹ̀lé ìlà. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi àkọ́bí mi. Ọwọ́ òsì ló fi ń mú nǹkan. Mo ń gbá a lọ́wọ́. Mo ní kó fi ọ̀tún gé e, kò gún. Mo rí i tó yọ́ fi òsì gé e, aṣọ ká mọ́ ẹnu àlùmọ́gàjí. Mo pè é ní olórí kunkun. Ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ pé àlùmọ́gàjí tí gbogbo wa ń lò, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Ní ọwọ́ òsì, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á máa ya fún ara wọn. Mo ra ti ọlọ́wọ́ òsì kan fún un nígbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó gé kọ́là kan, ó gún régé. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gbé nǹkan fún àgbà, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé ni, ọmọ ọdún mẹ́ta sì lè kọ́ ọ. Ọwọ́ tí yóò fi kọ̀wé, tí yóò fi gé nǹkan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ yàn.

Ìgò bọ́tìnnì ni mo fi kọ́ wọn ní òǹkà. Ẹ to mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan kún un, mọ́kànlá. Títí dé mẹ́rìnlá, kíkún là ń kún un. Ẹ wá to ogún sílẹ̀, kí ọmọ yọ márùn-ún kúrò: márùn-ún dín lógún, òun ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó yọ mẹ́rin: mẹ́rìndínlógún. Òǹkà wa fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní kíkún àti yíyọ. Nígbà tí olùkọ́ àwọn ọmọ mi dé orí yíyọ, ó ti wà lẹ́nu wọn tipẹ́. Alẹ́ tí iná bá lọ, àlọ́ àpamọ̀ ni.

Lọ́dún 1976 tí UPE, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ni mo wọ ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi kan etí òsì. Mo kàn án. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bí lóṣù kan náà kò kàn án, wọ́n dá a padà sílé fún ọdún kan. Ó sunkún dé ojúde wọn. Bí mo ti ń wọn ọmọ báyìí, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é: apá ọmọ ọdún mẹ́ta kéré sí orí rẹ̀, tó bá fi máa di ọdún mẹ́fà sí méje apá á ti gùn, orí kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi mọ́. Ṣùgbọ́n apá ọmọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kò sì sí ohun tó ṣe orí ọ̀rẹ́ mi.

Ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá

Ara dákẹ́ lásìkò yìí. Ínǹṣì méjì sí méjì àbọ̀ ni wọ́n ń fi ga lọ́dún, ìṣẹ́tí ínǹṣì méjì á sì gbé wọn dé ọdún kejì. Eyín wàrà á máa ká. Kí wọ́n sùn tó wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá. Iṣẹ́ ni kí ẹ fún wọn: kí wọ́n lọ ra òwú, kí wọ́n ka ṣéńjì níwájú ẹni tó fún wọn, kí wọ́n wá sọ iye tó kù fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kàwé sí yín létí bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì kọ́ wọn pé kò sí ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ kan abẹ́ wọn, ìbáà jẹ́ ẹbí, àti pé bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ fún yín, inú kò ní bí yín sí wọn.

Nígbà tí ṣòkòtò bá kúrú ṣáájú ẹ̀wù

Mo máa ń mọ̀ pé ọmọ ti ń bàlágà kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Bàtà á kọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ṣòkòtò á kúrú, ẹ̀wù kò tíì kúrú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ṣáájú, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e, àyà àti ẹ̀yìn ló ń gbẹ̀yìn. Ó lè fi ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ga lọ́dún kan. Ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lójijì báyẹn á máa kọlu àga, á máa fọ́ abọ́. Ẹ má pè é ní olóríburúkú. Kò tíì mọ ibi tí ara rẹ̀ parí sí ni.

Ọmọbìnrin máa ń ṣáájú ọmọkùnrin ní nǹkan bí ọdún méjì. Ọmú lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàlá. Nǹkan oṣù sábà máa ń dé ní bí ọdún méjì sí méjì àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọjọ́ tí mo bá sọ fún yín pé àyà ọmọ ti fẹ̀ sí i, ọdún méjì lẹ ní láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bá a lójijì ní kíláàsì. Ẹ fi páàdì hàn án, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń lò ó, ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì rẹ̀. Èyí tí àwọn ìyá ìgbà kan ń sọ, pé bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́ wàá lóyún, ìbẹ̀rù ló ń dá sílẹ̀, kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ sọ bí oyún ṣe ń dúró gan-an.

Ẹ bá ọmọkùnrin náà sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ á kẹ̀, abíyá á máa rùn, àtọ̀ lè dà á lára lójú oorun, kò sì ní mọ ẹni tí òun á bi. Nígbà tó kan ẹkẹta mi, bàbá rẹ̀ mú un lọ sóko, wọ́n jọ ro ebè, wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ́langba máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa tí ọwọ́ bá dí tí kò sì sí ẹni tó tẹjú mọ́ ọn.

Ẹni ogún ọdún

Gíga ti dúró, orí kò tíì parí. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí a fi ń ro àtúbọ̀tán, á ṣì máa gbó títí di bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Mo máa ń rántí ìyẹn tí ọmọṣẹ́ mi bá fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ra fìlà. Owó kékeré ni mo kọ́kọ́ ń fi sọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà oníbàárà kan tí wọ́n á wọ̀n, tí wọ́n á gé aṣọ rẹ̀, tí wọ́n á dáhùn fún un bó bá bàjẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fẹ́ràn ẹnìkan jìnnà, mo máa ń ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, kó mú ìwé rẹ̀ wá. AS pẹ̀lú AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Mo ti rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹkẹta mi sọ fún wa ní ọmọ ọdún méjìdínlógún pé òun kò ní ṣe JAMB, iṣẹ́ alumíníọ̀mù lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ bínú. Èmi náà bínú, ṣùgbọ́n mo bi í ní ohun tí mo máa ń bi oníbàárà: "Báwo lo ṣe fẹ́ ẹ gan-an?" Mo wá dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti lọ wo ọ̀gá méjì, ó ti mọ iye ọdún tí wọ́n ń gbà àti owó ìwọṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ó wá ní kí n rán aṣọ iṣẹ́ fún òun. Ó ti kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sórí bébà: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn ẹsẹ̀. Mo wò ó, ó dà bíi pé ìbàdí tó kọ fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Mo nawọ́ sí téèpù. Ó ní, "Màámi, mo máa ń tẹ̀ wọlé sábẹ́ fèrèsé, mo fẹ́ kó gbà mí." Mo dá téèpù padà sọ́rùn, mo fi ìwọ̀n tó kọ gé e.